Omi Òkun ní Pálọ̀ Màmá Délé

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àárò ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi níbi tí wọ́n bá jókòó sí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n tilẹ̀ kẹ̀yìn sí ẹni tó ń kà á. Mo kí Ìyá àgbà, mo béèrè ẹsẹ̀ wọn. Mo kí Tóbi àbúrò mi, nítorí òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó má fo ibì kankan, kó má sì fi tirẹ̀ kún un.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba ni pé àwọn ará abúlé wa kò sí lójú kan mọ́. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilé wa, àwọn kan bá yín dé Igbókọ̀dá, àwọn kan wà ní Òkìtìpupa, àwọn mìíràn wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Ẹni tó bá rí i kà nínú wọn, kó gbà pé mo kí òun náà.

Nígbà tí ẹ bi mí lórí fóònù bí ibí ṣe rí, mo ní ó dára, mo sì dákẹ́. Ẹ mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi, ìwé ló rọ̀ mí lọ́rùn. Joju ni mò ń gbé, ní Sango, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé Màmá Délé. Ilé iṣẹ́ ló yí wa ká. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá kan, òórùn ọṣẹ ni. Bó bá fẹ́ láti apá kejì, òórùn irin tí wọ́n ń yọ́ ni. Bí òjò bá rọ̀, omi pupa á dúró lójú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí ẹni pé kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà lọ. Èmi tí ẹ bí sétí omi, n kò rí omi tó dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Ní kíláàsì, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Ní ọ̀sán, mo ń bá obìnrin kan ṣe ẹ̀dà ìwé lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ àti oúnjẹ mi ti ń wá, nítorí náà ẹ má ta ohunkóhun nítorí tèmi. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé “ó wà o” tí mo sọ fún awakọ̀ kó lè já mi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, mo máa ń ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì máa ń dúró síbẹ̀. Ẹgbẹ́ aládùúrà tó ń pàdé nínú ọgbà ilé tí mò ń gbé máa ń gbàdúrà kíkan kíkan nípa ẹ̀mí inú omi. Ẹni tó bá dárúkọ òkun níbẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ Jésù. N kò rí ìdí tí màá fi máa sọ fún wọn pé ojú ilẹ̀kùn wa, òkun ló kọjú sí.

Màmá Délé tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, opó ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dé. Fìlà rẹ̀ tó wà lórí ìṣó ní pálọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Nígbà ayé rẹ̀, Bàbá Délé ọkọ rẹ̀ yìí ló ń tọ́jú ilé tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Agbara ń gba àlejò sí. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ nígbà kan gbé àpótí gíláàsì ńlá kan sí pálọ̀ ilé náà. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta inú òkun, ìyùn ààyè, àti ẹja. Òyìnbó náà kọ́ Bàbá Délé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá mìíràn wá, wọ́n lọ, Bàbá Délé kò fi àpótí náà sílẹ̀ títí tó fi kú. Màmá Délé ní òun tilẹ̀ máa ń jowú àwọn ẹja náà, nítorí bí ọkọ òun bá wọlé, á kọ́kọ́ ròyìn pé ẹja ti jẹun kó tó béèrè oúnjẹ tirẹ̀.

Ní ọdún yìí ni wọ́n ti ilé àlejò náà pa. Wọ́n ta àga, wọ́n ta ibùsùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ gíláàsì tí òkun wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ da omi rẹ̀ nù. Ẹnì kan tó bá Bàbá Délé ṣiṣẹ́ ló pe Màmá Délé, ó sì lọ rà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Délé ọmọ rẹ̀ bi í kí ló fẹ́ fi ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ilé tí iná kì í dúró. Ó dá a lóhùn pé ẹja aláwọ̀ ọsàn kan wà níbẹ̀, tó ní àmì funfun lára, tí Bàbá Délé tọ́ láti kékeré. Bí ọkọ òun bá ti fi èékánná kan gíláàsì, ẹja náà á yọjú. Ó ní kò tún sí ohun mìíràn láyé tó mọ ọwọ́ ọkọ òun, àfi òun àti ẹja yẹn, òun kò sì lè sin ọkùnrin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Délé bá jáde. Ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní akẹ́kọ̀ọ́, wá bá wa ka bí wọ́n ṣe ń kó òkun láti Agbara wá sí Joju.

Mo kà á lórí fóònù, mo sì bá wọn lọ. Màámi, wọn kì í gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi nínú. Yóò fọ́ ni. Omi àtijọ́ yẹn náà kò sì gbọdọ̀ ṣòfò, nítorí òun ni àwọn ohun inú rẹ̀ ti mọ́ lára. Inú kẹ́ẹ̀gì la rọ ọ́ sí. Mo gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, mo ya èyí tí wọ́n ti fi ra epo pupa rí sọ́tọ̀. Délé wò mí, kò bi mí nídìí. A fi àpò tútù bo àwọn òkúta. Ìyùn tó wà lára wọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kọ́. Ẹ̀dá ààyè ni, á là bí àtẹ́lẹwọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i, á sì ká bí nǹkan bá kàn án. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó rí bí ìka ọmọ tuntun. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ omi náà láti gbé òkúta àkọ́kọ́, òórùn rẹ̀ gòkè bá mi. Òórùn ẹnu ọ̀nà ilé wa ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni ń dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì títí ojú mi fi gbẹ.

Délé yá ọkọ̀ kan, òun ló sì wà á. A gba Lusada, a gba Àtàn, ẹ̀yin náà á ti gbọ́ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹja wà nínú rẹ̀ wà lórí itan mi. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí, Màmá Délé á yí ojú padà láti iwájú, á ní pẹ̀lẹ́ o, kì í ṣe èmi ló ń kí. Ọkùnrin kan tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà béèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Délé ní omi òkun ni. Ọkùnrin náà fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó tu itọ́, ó ní ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ ló wọ́n tó báyìí ni ẹ fi lọ gbé òkun fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ.

Bàbá Káfíńtà tó kan ìdúró tí a gbé gíláàsì lé, ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, Mùsùlùmí. Ó gbé ìgò omi dùbúlẹ̀ lórí pákó náà ní ọ̀tún àti ní òsì títí omi inú ìgò fi tẹ́jú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kan àga, òun kò kan àpótí ìjókòó fún òkun rí. Ó ní Bìsìmílàhì kí a tó gbé gíláàsì lé e. Omi àtijọ́ ló kọ́kọ́ wọlé, òkúta tẹ̀lé e. Omi kànga wa ní ìpẹtà, nítorí náà omi inú ọ̀rá la pò mọ́ iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú ẹja bẹ́ẹ̀ láti fi kún un. Ẹja kékeré kan tí ara rẹ̀ dà bí aró kò la ìrìn àjò náà já. Aláwọ̀ ọsàn là á já, ṣùgbọ́n ó sá sẹ́yìn òkúta, kò sì jáde. Màmá Délé fi èékánná kan gíláàsì. Ó tún kàn án. Ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ká jẹ́ kó sinmi.

Nínú ọgbà wa, ohun tuntun kì í wọlé láìgba àdúrà. Ọkọ̀ ni o, ẹ̀rọ ìránṣọ ni o, fíríìjì ni o, wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì fi òróró àdúrà sàmì sí i. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Màmá Àdúrà dé pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é nìyẹn, òun ni olórí wọn. Ènìyàn dáadáa ni. Nígbà tí Bàbá Délé kú, orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá Délé ló ń sùn, kó má bàa dá nìkan jí. Ó wo gíláàsì náà pẹ́. Ó ní òun kò mọ ọwọ́ tí omi yìí ti kọjá, òun kò sì lè jẹ́ kí Màmá Délé àbúrò òun máa sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ohun tí òun kò mọ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ni mo dúró sí.

Bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé á ti ìka bọ òróró, á sì fi sàmì sára nǹkan náà. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kì í ṣe gíláàsì ni òun ń bẹ̀rù, omi ni. Ó ṣí ìgò òróró náà, ó sì dà á sínú omi tán. Gbogbo wọn ṣe Àmín.

Màámi, mo rí i bó ṣe ń tẹ́. Ó tàn kálẹ̀ lójú omi, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yí padà, pọ́ǹpù tó ń yí omi náà ká sì ń fà á wọlé. Kò pẹ́, ẹja aláwọ̀ ọsàn jáde láti ẹ̀yìn òkúta, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ó gòkè tààrà wá sójú omi. Pálọ̀ náà hó yèè. Wọ́n ní Halelúyà, wọ́n ní ó ti wá gba ìbùkún tirẹ̀. Màmá Délé ń pàtẹ́wọ́, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Èmi nìkan ló ń wo ẹnu ẹja náà. Ó ń là á, ó ń pa á dé, ó ń là á. Afẹ́fẹ́ ló ń wá.

N kò sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́, orin bò ó mọ́lẹ̀. Mo tún un sọ, ohùn mi sì ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹja yẹn kò lè mí, òróró ti bo ojú omi. Orin dá. Màmá Àdúrà yíjú sí mi. Ó ní ṣé òróró tí òun gbàdúrà sí, tí òun gbààwẹ̀ lé lórí, ni mo ní ó ń pa nǹkan. Mo ní rárá mà, òróró yòówù ni, ojú omi ni kò gbọdọ̀ bò. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo sọ fún un pé níbi tí wọ́n ti bí mi, bí epo ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ bá dà sínú ọpọ́n tí ìyá mi ń kó ẹja ààyè sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gòkè wá la ẹnu, ìyá mi á sì tẹ́ aṣọ funfun lé ojú omi, á fi ká epo náà kúrò. Ó ní níbo nìyẹn. Mo ní Ìlàjẹ ni mí. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, òkun náà ló sì gba ilé wa.

Obìnrin kan tó dúró nítòsí mi fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo rí i. N kò bínú sí i.

Gbogbo wọn ń wo Màmá Àdúrà, Màmá Àdúrà sì ń wo ìgò tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Délé ni kò wò ó. Ojú ẹja náà ló ń wò, òun náà sì ti rí ẹnu rẹ̀ wàyí. Ó bi mí ní ìbéèrè kan péré. Ó ní bí kò bá sí aṣọ ńkọ́, ṣé tíṣù á ṣe é?

Délé pa pọ́ǹpù. Mo ń tẹ́ tíṣù lé ojú omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mu òróró náà, mo ń gbé e kúrò. Mo fẹ́ jù ú sínú ike ìdọ̀tí, ni Màmá Àdúrà bá ní rárá o, wọn kì í da ohun tí wọ́n ti gbàdúrà sí sórí ààtàn. Ohùn rẹ̀ le. Mo dúró pẹ̀lú tíṣù tó ń kán lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Màmá Délé na ọwọ́, ó gbà á. Ó tú gèlè, ó fi òróró náà pa orí ara rẹ̀, ó fi pa orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó ní èmi ni ikú lù, Màmá Àdúrà. Èmi ni kí ẹ fi òróró yàn. Ẹja ò ṣe nǹkan kan.

Màmá Àdúrà sún mọ́ mi, ó gba tíṣù tó tẹ̀lé e lọ́wọ́ mi, ó sì ń fi pa àbúrò rẹ̀ lórí àti ní èjìká, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí èmi ti ń ká a kúrò lójú omi ni òun ń fi pa á lára. Nígbà tí tíṣù tán, áńkáṣíìfù funfun tirẹ̀ ló kọ́kọ́ na sí mi, àwọn yòókù sì yọ tiwọn. Lẹ́yìn náà a mú abọ́, a ń bu omi náà, a ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ kan bá rẹ̀, òmíràn á gbà á. Orin tí mo dá dúró ni wọ́n padà kọ, wọ́n sì ń fi omi tẹ̀ lé e. Màmá Àdúrà ló bu omi pẹ́ jù lọ.

Ìyùn tó dà bí ìka ọmọ tuntun yẹn kò là mọ́. Ó funfun, a yọ ọ́ kúrò. Màmá Àdúrà gbé e sọ́wọ́, ó ní ẹ foríjì mí, n kò mọ̀. Èmi kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún, Màámi. Ẹja aláwọ̀ ọsàn padà sẹ́yìn òkúta rẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Délé á jókòó, á fi èékánná kan gíláàsì, á dúró, á dìde. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ó lè jẹ́ pé èékánná ọkọ òun nìkan ló mọ̀. Mo bá a jókòó. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo rí i pé mo ti sọ̀rọ̀ fún un pẹ́: nípa yín, nípa ọpọ́n ẹja, nípa òwúrọ̀ tí omi wọ pálọ̀ wa tí kò jáde mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Màmá Délé kan gíláàsì, ó sì ti ń yíjú lọ síbi àga, ni ẹja náà bá yọ. Ó wá dúró níwájú ìka rẹ̀. Màmá Délé kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi oúnjẹ sí i, ó dúró títí ẹja fi jẹ ẹ́, ó wá kọjú sí fìlà tó wà lórí ìṣó, ó ní Bàbá Délé, ó ti jẹun o.

Àwọn aládùúrà ṣì ń pàdé nínú ọgbà wa. Màmá Àdúrà máa ń yà wá wo àwọn ẹja, ó ní àwọn nìkan ni ọmọ ìjọ tí kì í sùn lásìkò ìwàásù. Ọmọ Ìlàjẹ ló ń pè mí báyìí, ó sì ní kí n kí yín. Obìnrin tó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́sí gbé ọmọ náà wá, ó ní kí n fi ẹja hàn án.

Ó ku ohun kan, Màámi, nítorí rẹ̀ gan-an ni mo fi mú ìwé. Omi inú gíláàsì yẹn fẹ́ pípààrọ̀ láti ìgbà dé ìgbà, iyọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe é kì í sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Màmá Délé bi mí bóyá omi òkun gidi lè ṣe é. Mo ní ó lè ṣe é, bó bá mọ́. Ó ní ṣé bàbá mi kò wà nítòsí omi ni. Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ tí òkun ti gba ilé wa, Bàbá mi kò tíì kọjú sí i, wọn kò wọ ọkọ̀ ojú omi, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ létí wọn. Ó ní òun kò ní rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni òun á bẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Kì í ṣe èmi ló bẹ̀ yín o, opó kan ní Joju ni. Ó ní tí ó bá ṣeé ṣe fún yín, kí ẹ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí omi bá parọ́rọ́, kí ẹ bu kẹ́ẹ̀gì kan fún òun. Ibi tí ẹ ó ti bù ú ni èmi fẹ́ sọ. Ẹ má bù ú ní etí, ó ti dọ̀tí. Ẹ lọ síwájú, síbi tí pálọ̀ wa wà tẹ́lẹ̀. Omi ibẹ̀ ti jìn báyìí, ó sì mọ́. Délé yóò wá pàdé yín pẹ̀lú ọkọ̀ ilẹ̀. Àyè ẹ̀yin àti Màámi wà níwájú ọkọ̀ náà, bí ẹ bá fẹ́ bá omi yín wá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Kí ẹsẹ̀ Ìyá àgbà le. Kí ilé tí ẹ wà báyìí má ṣe bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará wa tí ẹ bá rí, ní ibi yòówù tí wọ́n ń sùn sí.

Èmi ni Bọ́lárìnwá, ọmọ yín ní Joju.